Ẹ Wo Àìsàn Ògiri Kí Ẹ Tó Wọ̀ Ọ́ Láṣọ

Ìyá aláṣọ kan ni ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin kù díẹ̀, pálọ̀ wọn kò sì wù wọ́n mọ́: ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kún ara ògiri, ọ̀dà sì ń bó nísàlẹ̀. Bíríkìlà kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fín táírólíìn sí i, pé gbogbo àléébù náà yóò bò. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni? Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó?

Ẹni tí kò bá mọ táírólíìn lórúkọ, ojú rẹ̀ ti rí i. Òun ni sìmẹ́ǹtì págunpàgun tí ó máa ń wà lára ògiri, tí kì í dán. Àpótí kékeré kan ni ẹ̀rọ rẹ̀. Bí a bá ń yí ọwọ́ rẹ̀, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ a máa ta sìmẹ́ǹtì pípò sí ara ògiri. Ó dára púpọ̀ fún bíbo ìlà kéékèèké àti ojú ibi tí a ti lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kì í wo egbò. Omi tí ń gun ògiri láti inú ilẹ̀, tàbí páìpù tí ń jò, yóò ti aṣọ tuntun náà wálẹ̀.

Èmi gan-an ti jìyà rẹ̀ rí. Mo fẹ́ fi pálọ̀ mi han àwọn àna mi nígbà Kérésìmesì kan. Bíríkìlà kìlọ̀ fún mi pé ẹsẹ̀ ògiri ṣì tutù. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Kí òjò ọdún kejì tó dá, táírólíìn ti ń já bọ́ sẹ́yìn àga tìmùtìmù. Owó tí mo fi tún un ṣe ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí a ní láti há gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀bi náà, tèmi ni, kì í ṣe ti oníṣẹ́.

Ohun tí mo wí fún ìyá náà nìyí. Èkíní, kí wọ́n lẹ láílọ́ọ̀nù mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, kí wọ́n dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níhà ògiri, àìsàn wà nínú ilé. Ẹ wá orísun omi náà kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì.

Èkejì, ẹ há ọ̀dà tí ń bó, kí ẹ sì fi nǹkan kan ògiri. Ibi tó bá dún bí ìlù, ibẹ̀ ti ya. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ tún un rẹ́. Ẹ ṣá ojú ọ̀dà tó bá ń dán, nítorí sìmẹ́ǹtì kì í di í mú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ dáadáa, tó ku díẹ̀ kí a fín in, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri yóò fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu, yóò sì di lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi bébà bo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ pa iná mànàmáná kí ẹ tó bo ojú rẹ̀. Ẹ ku iyanrìn. Korobá kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀. Ẹ má po ju èyí tí ẹ óò lò tán láàárín wákàtí kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: láti ọ̀tún, láti òsì, láti iwájú. Ẹ jẹ́ kí ti ìṣáájú di ara mú kí òmíràn tó gùn ún. Igun ògiri ni kí ẹ dúró sí, ẹ má dúró ní àárín, nítorí ojú oríkèé yóò hàn. Kí oníṣẹ́ bo ojú, imú àti ọwọ́ rẹ̀: sìmẹ́ǹtì tútù a máa jó awọ àti ojú, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fín in sí ilé ìdáná; èéfín àti òróró kì í kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ra ilé àtijọ́ ní òkè òkun, ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má kàn há ògiri tàbí àjà págunpàgun bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń po asbestos mọ́ ọn nígbà kan, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de fínfín rẹ̀ fún ọ̀ṣọ́ ilé. Ní Britain, ó di 1999 kí wọ́n tó fòfin de asbestos pátápátá. Kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò ná.

Ìyá aláṣọ lẹ láílọ́ọ̀nù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti sẹ̀ síbẹ̀. Páìpù ilé ìwẹ̀ ni ó ń jò. Wọ́n ní, “Ìgbéyàwó ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ! Ẹ fi aṣọ bo ògiri lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá ti délé ọkọ, kí ògiri náà wá gbẹ, kí ó tó gba aṣọ tirẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ omi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.