Bí Èrò Bá Ya Wọ Ọjà, Ta Ni Yóò Rántí Ibi Tí Ẹrù Wà?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ oníṣòwò létí àwọn kan nínú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló bí i.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́rìnlá dáwó jọ, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá wọn ra ìwé kan tí wọn yóò kà fún ìdánwò. Mo rí ìwé náà ní ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Black Friday, tí tọmọdé tàgbà ń du ọjà tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Mo sanwó. Wọ́n fi rìsíìtì ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n tó sọ fún mi pé ìwé náà ti tán nílẹ̀ kí n tó sanwó rárá. Ẹ wo ojú tí mo fi padà wọ kíláàsì!

Àwọn tí mo ròyìn fún ń dá ọlọ́kadà lẹ́bi; àwọn mìíràn ní èrò ló pọ̀ jù. Èmi kò gbà. Ìrántí ni kò sí.

Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági, ní Ìbàdàn. Orí rẹ̀ ni ìwé ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá jí i lóru, yóò sọ iye ìdì àǹkárá tó kù àti igun tí wọ́n wà. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí èrò ń wọ́ bí omi, kò jẹ́ gba owó aṣọ tí kò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ kan ṣoṣo ni. Ilé ìkẹ́rùsí tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọjà, tí àwọn tó ń rà kò sì sí lójú, kò sí orí ènìyàn tó lè gbà á. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ sọ́fítíwíà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amazon, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1995. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rùsí wọn, wọn kì í to ẹrù ní irú-ní-irú bí a ti ń to ọjà wa, tí aláta wà lápá kan, tí aláṣọ wà lápá kejì. Ihò tó bá ṣófo ni òṣìṣẹ́ ń ti ẹrù sí: ìwé lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ ìfọyín, kí bàtà ọmọdé tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ á fi ẹ̀rọ ka àmì onílà tó wà lára ẹrù, á tún ka ti ihò náà, kọ̀ǹpútà á sì so méjèèjì pọ̀. Rúdurùdu lójú, ètò nínú. (Kò yẹ kí èyí ya àwa onímọ̀ èdè lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó to ọ̀rọ̀ sínú ọpọlọ ní a, b, d. Síbẹ̀ bí òùngbẹ bá ń gbẹ wá, "omi" a jáde lẹ́ẹ̀kan náà.)

Ọjọ́ tí ìbéèrè bá ya lulẹ̀ bí òjò ni ìwúlò rẹ̀ ń hàn. Bí mo bá sanwó ìwé kan, sọ́fítíwíà á yọ ọ́ kúrò nínú iye tó kù lójú ẹsẹ̀, á fi í pamọ́ fún mi. Bí kò bá sì ku ẹyọ kan, títà parí. Bí ogún ènìyàn bá béèrè ọjà kan náà, òṣìṣẹ́ kan á lọ lẹ́ẹ̀kan, á kó ogún bọ̀. Á tọ́ka ọ̀nà tó kúrú jù lọ fún un, á sì mú ẹrù tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ gbéra ṣáájú. Síbẹ̀, ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé, Amazon dá gbígba ọ̀pọ̀ ẹrù tí kì í ṣe kòṣeémánìí dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì kéde pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́ 100,000 sí i. Ọ̀kẹ́ márùn-ún nìyẹn o, kí a má gbàgbé òǹkà wa.

Àwọn kan á ní owó gọbọi ni sọ́fítíwíà ń jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìní rẹ̀ náà ń jẹ owó. Ní Kérésìmesì ọdún 1999, àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà ṣèlérí ọjọ́ tí wọn kò lè mú ṣẹ; ní ọdún 2000, àjọ ìjọba tó ń rí sí òwò níbẹ̀ mú kí méje nínú wọn san mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Nílé níhìn-ín, níbi tí Jumia àti Konga ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló fẹ́ fojú rí ọjà kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tí a bá já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tún padà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀rọ tó ń ka ẹrù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí ènìyàn. Ó mọ ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ fi dúró, ó mọ iye ẹrù tó kó ní wákàtí kan. Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní AB 701, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ iye iṣẹ́ tí ó ń retí fún òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, kò sì gbọdọ̀ bu iye tí kò ní jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sinmi tàbí kí wọ́n lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa kí ẹ̀rọ náà tó gbilẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti ṣẹ́.

Mo sì fẹ́ ohun kejì, tí ó lè pa yín lẹ́rìn-ín: kí ojú ẹ̀rọ náà máa sọ Yorùbá. Ẹrù tí òṣìṣẹ́ tì sínú ihò láì ka àmì rẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìkìlọ̀ tí kò yé e ló fà á, ta ni a ó bá wí? Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Àká ni àwọn baba wa ń kó àgbàdo sí, mo sì rò pé ó dùn ún pè ju "ilé ìkẹ́rùsí" gígùn yìí lọ. "Pẹpẹ", "ihò", "ìdì", "ó ku méjì", "ó ti tán". Kí ló ṣòro níbẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìdánwò ni owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó padà wọlé. Mo pín in fún wọn, wọ́n dúpẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ti fìdí rẹmi.