Aláìsàn tí kò lè ṣiṣẹ́, àti bí yóò ti béèrè ìrànwọ́

Ní òpin ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, obìnrin kan dúró dè wá lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí gbogbo ènìyàn fi lọ tán. Opó ni, aránṣọ ni pẹ̀lú, bóyá ni obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí kò tíì wọ aṣọ tí ó rán. Ó kí wa, a dá a lóhùn, ó sì dákẹ́. Nígbà tí ó tó sọ̀rọ̀, ohun tí ó wí ni pé, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wá ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì. Mo ti ta ti àkọ́kọ́." Nígbà náà ni a tó gbọ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe é láti bí oṣù mẹ́fà, pé wọ́n ti fi abẹ gé ọmú náà kúrò, pé ó ti gba oògùn lẹ́ẹ̀mejì, àti pé ọjọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá nítorí tí owó tán.

A bi í léèrè ohun tí ó dè é tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ojú ń tì mí, bàbá. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun láti ìgbà èwe, kí ó wá di alágbe lójú ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ alágbe yìí ni a fẹ́ bá a yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń dá ìtìjú yìí rù. Alágbe ń tọrọ lónìí, yóò tọrọ lọ́la, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró. Ti aláìsàn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó nílò ní iye, ó ní ọjọ́, dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní dúdú lórí funfun. Ẹni tí ó bá béèrè ohun tí ó ní iye, tí ó sì béèrè rẹ̀ ní àkókò, kò ṣagbe rárá. Ohun tí ó ba ọ̀ràn jẹ́ ni pé kí a pa á mọ́ra títí ohun èlò iṣẹ́ yóò fi tán nílé, kí a tó wá máa sáré kiri. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan kò ra ju ìgbà oògùn kan lọ. Nígbà tí ara bá sì yá, kí ni obìnrin náà yóò fi jẹun?

Ẹni tí kò bá tíì rí irú ìtọ́jú yìí rí lè rò pé bí ẹni gba abẹ́rẹ́ ibà ni. Oògùn jẹjẹrẹ tí a ń fà sínú iṣan kì í ṣe ohun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà dé ìgbà ni a ń gbà á, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 21 síra wọn, kí ara lè sinmi díẹ̀ láàárín. Kí a tó fún un ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì bọ̀ sípò, wọn yóò ní kí ó lọ ilé, kí ó padà wá. Àyẹ̀wò gba owó, ọkọ̀ gba owó, oògùn èébì gba owó. Bí ó bá sì kan ìtọ́jú onítànṣán, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ni a sábà ń lọ, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ó ní ẹ̀rọ náà kò pọ̀. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ní láti wá ibi tí yóò máa sùn. Kò sì dára kí a dá oògùn dúró ní àárín, nítorí àrùn náà kò ní dúró de owó.

Níti iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí, nítorí àwọn kan a máa wí pé, "Ṣé kò lè jókòó kí ó máa ṣe díẹ̀díẹ̀?" Oògùn náà a máa dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá àrùn jà kù, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí ń gbà á wà láàárín èrò ọjà ní àwọn ọjọ́ kan. Bí a bá yọ kókó abíyá pẹ̀lú ọmú, apá ìhà náà lè wú, ẹrù wúwo kò sì yẹ ẹ́. Àwọn oògùn mìíràn sì wà tí ń mú kí orí ìka kú tipiri. Obìnrin wa yìí na ọwọ́ rẹ̀ sí wa, ó ní, "Bàbá, n kò mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún mi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ oníbàárà ni mo fi ń mọ̀." A kò rí èsì kankan fọ̀ sí i.

Kí ẹni tí ń gba owó oṣù má ṣe rò pé òun bọ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí a san owó iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró, bí ó bá mú ìwé dókítà wá, fún ìwọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún kan. Ìgbà oògùn 6, ní ọjọ́ 21 síra wọn, jẹ́ ọjọ́ 126, èyíinì ni ọ̀sẹ̀ 18. Àwọn ọ̀gá kan a máa ṣe ju ohun tí òfin wí lọ, ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ béèrè ní kíkọ, kí ó sì ṣe é kí ọjọ́ 12 náà tó tán. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fi àyè sílẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí dókítà jẹ́rìí sí pé kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ó fẹ̀yìntì nítorí àìlera, kí ó sì rí owó rẹ̀ gbà bí kò tilẹ̀ tíì pé ọmọ 50 ọdún. Èyí ni kí ẹ rò dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. A ti rí ẹni tí ara rẹ̀ yá tán, tí kò sì sí iṣẹ́ mọ́ tí yóò padà sí.

Nísinsìnyí, níti ìjọba. Ní ọdún 2021 ni Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ àpò owó kan fún àwọn tálákà tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ, àti èyí tí ń mú ọkùnrin nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Ọsibítù 6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Ọsibítù Yunifásítì ti Ìbàdàn sì wà lára wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó béèrè ni ó ń rí i gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè kò tilẹ̀ sí nínú ìwé. Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di ọ̀ranyàn fún gbogbo ará ìlú. Kí ẹni tí ó bá ní ìwé náà lọ béèrè ohun tí ó kó mọ́ra àti ohun tí kò kó mọ́ra, kí ó tó san kọ́bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà ní ọsibítù ńlá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí àìní aláìsàn. Wọn kì í jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè yàrá wọn.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni iṣẹ́ wa, ìwé ni a kọ́kọ́ mú nígbà tí a dé ilé obìnrin náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. A kọ orúkọ àrùn bí dókítà ti kọ ọ́. A kọ ìgbà tí ó ti gbà àti èyí tí ó kù. A kọ iye tí ọsibítù béèrè ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, nítorí iye oògùn kì í dúró lójú kan. A kọ owó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà a kọ owó ilé, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ méjì, àti oúnjẹ. Ó ní kí a má ṣe kọ oúnjẹ. A kọ ọ́. Ènìyàn a máa yára dá owó oògùn, a máa lọ́ra láti dá owó gàrí, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ikùn òfìfo gba oògùn náà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá a kọ ohun tí òun tìkararẹ̀ lè mú wá, kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Ìwé náà ni a gbé lọ sí ìpàdé ẹbí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì wí pé, "Ẹ má ṣe bẹ̀rù, ohun yòówù tí ó bá dé, a kò ní jẹ́ kí ojú ti àwọn ọmọ rẹ̀. A ó ṣe ìnáwó tí ó yẹ ẹ." Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé wa pé ìsìnkú ni ó ń sọ. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Bí wọ́n ti ń fi ìfẹ́ hàn nílé wọn nìyẹn. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, màlúù kan ń lọ ní èló?" Kò dá wa lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ni ó dá wa lóhùn láti ẹ̀yìn, ó ka iye màlúù, ó ka aṣọ ẹbí tí wọ́n rà nígbà òkú tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ó ka àgọ́ àti àwọn onílù, nígbà tí yóò fi kà á tán, ó ti ju ìgbà oògùn mẹ́rin tí ó kù lọ. Ilé dákẹ́. Wọ́n gba ìgbà kan nínú mẹ́rin náà sí ọrùn ara wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n sì ni ó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ gba ìgbà kan. Ẹni ogún nínú àwọn aránṣọ ìlú ń dá 5,000 náírà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn tí ó ń bá dá èsúsú ṣe èyí tí ó wú wa lórí jù lọ: wọ́n jẹ́ kí ó kó owó kí ó tó kàn án, wọ́n sì ní kí ó máa dá tirẹ̀ padà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tún lè mú abẹ́rẹ́. Owó kankan kò gba ọwọ́ wa kọjá. Akápò ẹgbẹ́ obìnrin ni ó ń san án tààrà fún ọsibítù, ó sì ń lẹ ìwé ẹ̀rí owó mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí olùdáwó lè béèrè láti rí.

Ẹnìkan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi tẹlifóònù ya àwòrán ojú ọgbẹ́ náà, kí a fi ránṣẹ́ káàkiri, pé àánú yóò ṣe àwọn ènìyàn. Ó ní òun kò fẹ́. A kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Olùtọ́jú kan tún wá, ó ní agbo òun yóò lé àrùn náà lọ láàárín oṣù kan, kí ó sáà dá ti ọsibítù dúró, kí ó sì mú owó wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Níti àwọn tí ń yáni lówó èlé láti inú tẹlifóònù, a bẹ̀ yín, ẹ sá fún wọn. Aláìsàn kò lè máa fi ọwọ́ kan gba oògùn kí ó máa fi èkejì gbé tẹlifóònù tí ń bú u.

Nígbà tí a ń kọ ìwé yìí, ó ti gba ìgbà karùn-ún. Ìkẹfà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá gbà. Ẹ̀rọ kejì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà ni ó ń fi rán aṣọ ilé-ìwé. Ẹni tí ó ra ti àkọ́kọ́ kò tíì fẹ́ tà á padà. A tún ń lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé.