Ọ̀pọ̀ Ọmọ Ogun Kọ́ Ni Ìṣẹ́gun

Eré kan wà tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jọ eré ọmọdé lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a to àwọn ọmọ ogun kéékèèké, tí wọ́n fi irin tàbí ike ṣe, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Wọn a fi rúlà wọn ìrìn wọn, wọn a sì da dáìsì, irú èyí tí wọ́n fi ń ta lúdò, láti mọ ẹni tí ó borí. H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé òfin irú eré bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1913. Ní ọdún 1965, àwọn tí ó fẹ́ràn ogun ayé àtijọ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Society of Ancients.

Ohun tí ó ń fi eré yìí ṣe ẹni ni ọjà rírà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lónìí, ẹni náà ra ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ti Róòmù. Lọ́la, ó ra ẹlẹ́ṣin. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó ra tafàtafà. Kí ó tó ṣẹ́jú, àpótí ti kún ìyẹ̀wù, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó rà ni kò sì ì fọwọ́ kan ọ̀dà. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.

Àwọn kan ní àwíjàre. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò pọ̀ kò dùn-ún wò lórí tábìlì. Wọ́n tún ní ẹni tí ó ń ṣe wọ́n lè ṣíwọ́, kí irú èyí tí ènìyàn ń wá sì di àwátì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú àpótí láìkùn kò dùn-ún wò rárá, kò sì lè jagun kankan.

Ìtàn fúnra rẹ̀ ń kọ́ni pé iye nìkan kọ́ ni ó ń ṣẹ́gun. Ní ọdún 216 ṣáájú ìbí Kristi, Hannibal, balógun Carthage, pàdé àwọn ará Róòmù ní Cannae ní ilẹ̀ Ítálì. Gẹ́gẹ́ bí Polybius, òpìtàn ará Gíríìsì, ti wí, ọmọ ogun Róòmù lé ní 80,000, ti Hannibal sì tó nǹkan bí 50,000. Síbẹ̀, Hannibal ni ó ṣẹ́gun, nítorí pé ó mọ ibi tí ó yẹ kí olúkúlùkù dúró sí. Erin tí òkìkí rẹ̀ kàn mọ́ orúkọ rẹ̀ kò sí lójú ogun lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí kí ó tó lọ sọ́jà kò ní ra erin fún ogun Cannae kìkì nítorí pé erin wù ú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Agincourt ní ọdún 1415: àwọn ará Faransé pọ̀ ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ilẹ̀ náà àti ọfà Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀pọ̀ náà di asán.

Àwọn tí ó ń ṣe òfin eré náà pàápàá ti rí èyí. Òfin kan tí ó jáde ní ọdún 1990, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ De Bellis Antiquitatis, fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ 12 péré. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ọmọ ogun náà kì í pé 50. Ọjọ́ díẹ̀ tó láti kùn wọ́n tán.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé kíkà ṣáájú owó níná, kí iṣẹ́ àná sì parí kí ti òní tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún ọmọ ogun rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo owó àpò rẹ̀ àti àkókò tí ó ní. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.