Àpò Ohun Ìṣeré Ọmọ Wa Dà?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn kan, ṣùgbọ́n àgbà ni ó kàn. Ní ìlú Lincoln, ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, a rí ilé ìkóhun-àtijọ́-sí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí bàtà onítáyà, èyí tí ènìyàn ń wọ̀ tí ó fi ń yí gbirigbiri lọ lórí ilẹ̀. Láti ọdún 1863 tí James Plimpton ti ṣe irú rẹ̀ tí ó ní táyà mẹ́rin ni wọ́n ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Àwọn tí ń kó o jọ kì í wá bàtà nìkan. Wọn a máa wá pọ́tímáńtò onírin kékeré tí ọmọdé fi ń gbé e kiri pẹ̀lú.

Àwa náà ní tiwa ní Bẹẹrẹ nígbà tí mo wà ní kékeré. A ó ṣa béárìn àlòkù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a ó kàn án mọ́ ìdí pákó, a ó jókòó lé e, yóò sì máa gbé wa sọ̀ kalẹ̀ lára òkè Mápó tariwo-tariwo. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ wa. Àwọn òbí wa pè é ní ìranù. Ọjọ́ tí mo parí tèmi gan-an ni ó jóná lábẹ́ ìkòkò àmàlà. Ẹ̀rù ọkọ̀ ni ó ń bà wọ́n, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọkọ̀ kò ní kí a pe ọgbọ́n ní ìranù.

Àwọn kan yóò ní títọ́jú ohun ìṣeré kì í ṣe àṣà Yorùbá. Irọ́ ni! Ta ni ó ṣe àkọ̀ fún idà, apó fún ọfà, àpò fún ọ̀pẹ̀lẹ̀? Ọpọ́n ayò ńkọ́? Ohun ìṣeré ni, síbẹ̀ a ń fín ọnà sí i lára, a sì ń jogún rẹ̀. Ti àgbà ni a ń tọ́jú, ti ọmọdé ni a fi ń dáná. Bẹ́ẹ̀ àwa kan náà ni a ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń wọ bàtà onítáyà láàárín ọkọ̀ ní Èkó, a sì ń bú wọn pé òyìnbó ni wọ́n ń fara wé. Ta ni kí wọ́n fara wé, nígbà tí a ti sun tiwa níná? Bí ọmọ rẹ bá kan pákó mọ́ béárìn lọ́la, bá a wá ibi tí ọkọ̀ kì í gbà. Bí ó bá sì dàgbà kọjá rẹ̀, má fi í dáná. Bá a wá àpò fún un.