Ta Ló Ni Igba Ojú Náà?

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí a bá pa òwe yìí ní Kétu, ní Pobẹ̀ tàbí ní Sàkẹ́tẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí àgbà tí yóò ní kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ pa á mọ ẹni tó ni ojú kọ̀ọ̀kan. Nínú agbo ilé, ìyálé, ìyá arúgbó tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àti aláta ìta, gbogbo wọn ló lórúkọ, gbogbo wọn ló nílé tí a lè tọ̀ wọ́n lọ. Bí ọmọ bá sunkún délé, a mọ ẹni tí a ó bi.

Bí a kò bá mọ àwọn tó ni igba ojú náà ńkọ́? Àṣà kí a fi ọmọ fún ará láti bá wa tọ́, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon, orí ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà nínú òwe yìí ló dúró lé. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi ọmọ ṣòwò gbà wọlé. Ní 2003, ó lé ní 200 ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n kó padà wálé láti àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Àwọn òbí mìíràn rò pé ọwọ́ ẹni tí yóò tọ́ ọmọ ni àwọn fi í lé.

Ìdí nìyí tí mo fi gba tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ tó ń ran ọmọdé lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ náà lè mọ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn ìgbì òkun tsunami ti December 2004, àwọn ará Sri Lanka kọ Sahana, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè mú tún ṣe, láti fi wá àwọn tó sọnù àti láti fi ṣètò ìrànwọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Trinity College ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ apá tó ń bójú tó àwọn olùyọ̀ǹda kún un.

Ṣùgbọ́n ètò ti ilẹ̀ Kétu gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ Kétu. Ọjà ìgbèríko kì í tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an. Ìyá tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, tó sọ pé òun yóò máa wá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí Àbámẹ́ta bá bọ́ sọ́jọ́ ọjà, kò ní í wá, kì í sì í ṣe aláìṣòótọ́. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó yẹ àdéhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè: Faransé tí wọ́n kọ sójú fóònù kò wúlò fún ẹni tí kò kàwé. Ohùn Yorùbá ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Lójú tèmi, ètò tó kàn ń ka wákàtí kí ẹgbẹ́ lè fi han àwọn olówó kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ lè dáhùn ni pé: ta ló wà pẹ̀lú ọmọ yìí lánàá, ta ló sì dúró fún ẹni náà nígbà tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́? Kí wọ́n má sì ṣe jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ṣí ètò náà rí orúkọ ọmọ àti ilé tó ń gbé. Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin ọmọdé láti 2015, ó sì ti ní òfin tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni lórí ẹ̀rọ láti 2009.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Abomey-Calavi, bí ẹ bá wálé fún ìsinmi, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí hàn yín, kí ẹ jókòó ti ẹni tó ń kọ ọ́ títí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò fi parí, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Kí ẹ tó padà sílé ìwé, ẹ kọ́ ẹnìkan tó ń gbé ìlú ní bí yóò ṣe máa tún ètò náà ṣe.