Ẹ Má Fi Owó Ìfẹ̀yìntì San Owó Dikódà

Kò sí ẹni tó ní kí àgbàlagbà má wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ ìjọba, tó wá jókòó sílé, tí àwọn ọmọ ti tú ká sí Lẹ́kí àti Kánádà, kí la fẹ́ kó máa wò, ògiri? Owó oṣooṣù ni mo ń bá jà. Mo ní ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lórílẹ̀-èdè yìí kò gbọdọ̀ ní owó dikódà lọ́rùn rárá. Díìṣì free-to-air ni kí ẹ gbé fún un, èyí tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan tí wọn kì í san kọ́bọ̀ lé lórí mọ́. Bí ohun kan bá kù tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, kó rà á lóṣù tó bá wù ú, kó sì pa á tì lóṣù tí kò bá wù ú. Ẹni tó bá ń sọ fún un pé kó máa san án díẹ̀díẹ̀ ń tàn án jẹ ni, ì báà ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà. Ní oṣù Kẹta 2025, DStv Compact di 19,000 náírà lóṣù, Premium di 44,500. Compact nìkan, lọ́dún kan, 228,000 náírà nìyẹn. Lẹ́yìn tí owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fi 32,000 náírà kún owó oṣooṣù àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́. Ẹ yọ Compact kúrò nínú àfikún yẹn, ó ku 13,000. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì wọlé wá mú tirẹ̀. Bó bá jẹ́ Premium ni, Baba gbọ́dọ̀ wá 12,500 kún un látinú owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn o. Ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù kì í tilẹ̀ ṣe iye owó náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ni. Dikódà kì í ka wákàtí tí Baba fi jókòó síwájú rẹ̀, ọjọ́ ló ń kà. Ọjọ́ tó bá sanwó ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Bí tiransifọ́mà àdúgbò bá bú gbàù, tí iná kò sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń kà á. Bí Baba bá lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Ìlá, ó ń kà á. Bí wọ́n bá dá Mama dúró sí ọsibítù, tí ilé wà ní títì pa, ó ń kà á. Ta ló ń san owó ọkọ̀ tí kò wọ̀? Àwọn aṣòfin ti pariwo rẹ̀ títí l'Ábújá pé kí oníbàárà máa san iye tó bá wò. Èsì tí ilé-iṣẹ́ ń fọ̀ ni pé kò ṣeé ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: díìṣì ń gbà ni, kì í dáhùn, ilé-iṣẹ́ kò lè tibi tó wà mọ̀ bóyá tẹlifíṣọ̀n yín wà ní títàn. Ṣùgbọ́n StarTimes ń ta ti ọjọ́ kan, ó ń ta ti ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ṣeé gé sí ọ̀sẹ̀, kò sí ohun tó sọ pé dandan ni kó jẹ́ oṣù.

Ẹ má sì retí pé ẹnì kan yóò bá yín mú owó náà wálẹ̀. Nígbà tí iye tuntun yẹn ń bọ̀, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí MultiChoice, ilé-iṣẹ́ tó ni DStv, dá ọwọ́ dúró ná. Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá. Ní oṣù Karùn-ún, adájọ́ sọ pé àjọ náà kò láṣẹ láti máa bá ilé-iṣẹ́ dá iye lé ọjà. Ó lè jẹ́ bí òfin ṣe rí nìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni pé agbára kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́ ni kó má rà á.

Àwa ọmọ gan-an la jẹ̀bi jù. Ọmọ á ti Èkó dé nígbà Kérésìmesì, á gbé díìṣì dé, á ní kí wọ́n gun òrùlé nígbà tí gbogbo àdúgbò wà níta tí wọ́n ń wò ó, á san Premium oṣù kan. Baba á gbàdúrà títí. Ní oṣù Kìíní, ọmọ á rántí san án. Ní oṣù Kejì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ní oṣù Kẹta, E16 ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, nọ́ńbà tí gbogbo ilé tó ní dikódà yẹn mọ̀ pé owó ti tán ló ń jẹ́. Àlejò sì wà ní pálọ̀. Kí ni ẹ rò pé Baba yóò ṣe? Ìtìjú kò ní jẹ́ kó pe ọmọ. Yóò yọ ọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì, yóò sì máa yọ ọ́ lọ. Èyí tí ẹ pè ní ẹ̀bùn ti di owó ilé kejì fún un. Ìfẹ́ wo nìyẹn?

Ẹ sì rántí HiTV, ilé-iṣẹ́ tó bá DStv du ọjà nígbà kan. Kò sí ilé tó já mọ́ nǹkan l'Ékòó tí dikódà rẹ̀ kò wọ̀ nígbà tó gba bọ́ọ̀lù Premier League lọ́wọ́ DStv ní 2007. Bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2010, kò sì pẹ́ tó fi kógbá sílé. Dikódà tí wọ́n fi owó gidi rà di ohun tí eruku ń bà lé lórí, nítorí kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Dikódà free-to-air kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Bí ìkànnì kan bá kú, ẹ óò wá òmíràn sínú rẹ̀.

Nípa rírà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí onídíìṣì fi yín ṣe ẹran ìjẹ. Bí díìṣì DStv tí wọ́n pa tì bá wà lórí òrùlé, lọ́pọ̀ ìgbà ó ṣeé lò: òun àti LNB tó wà níwájú rẹ̀ náà ni, kí wọ́n kàn yí i sí ìhà sátẹ́láìtì mìíràn, kí wọ́n so ó mọ́ dikódà tuntun. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń tà báyìí tilẹ̀ ti ní èyí tó ń gba díìṣì nínú ikùn wọn, wọn kò nílò dikódà kankan. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ oníkùn gbọ̀ngbọ̀n ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn dikódà kí ẹ tó sanwó, kí ojú ihò pupa, funfun àti yẹ́lò wà níbẹ̀, torí òmíràn kò ní ju HDMI lọ, Mama kò sì ní ibi tí yóò kì í bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìkànnì tí ẹ fẹ́ kí onídíìṣì tó gun àkàbà. Sátẹ́láìtì yàtọ̀ síra, ohun tó wà lórí èyí kò sí lórí ìyẹn: ìròyìn òkèèrè bíi Al Jazeera wà, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mùsùlùmí pọ̀ bí omi, ti Nàìjíríà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti Gánà sì máa ń dá sí i. Kó tàn án kí Mama fi ojú ara rẹ̀ rí i. Yóò máa kígbe látorí òrùlé pé, "Ṣé ó ti mú?" Ẹ má dáhùn pé ó ti mú títí ìlà "Quality" tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yóò fi gòkè, torí èyí tí wọ́n pè ní "Strength" lè ga kí àwòrán má sí. Bí igi máńgòrò bá dí ojú díìṣì lọ́nà, kó gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, nítorí ewé yóò pọ̀ sí i lọ́jọ́ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Kó tó lọ, kó to ìkànnì mẹ́wàá tí Mama fẹ́ràn síwájú, kó kọ nọ́ńbà wọn gàdàgbà sí ẹ̀yìn páálí, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ihò kan tún máa ń wà lára dikódà tí wọ́n ń ki fíláàṣì sí. Fídíò ìkómọjáde ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Kánádà, ibẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Mi ò mọ ìkànnì kankan ní Premium tó lè bá ìyẹn du àyè lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo gbọ́ àwọn tó ń sọ pé Òṣogbo, Ìlọrin àti Èkó ti ní FreeTV, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi eriali gbà, pé kí ni wọ́n tún ń fi díìṣì ṣe. Ẹni tó bá ń rí i gbà dáadáa níbẹ̀, kó lò ó, èmi kò ta díìṣì. Abúlé la kò ti lè gbára lé eriali, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ̀yìn tì ń padà sí.

Ó ku bọ́ọ̀lù àti fíìmù Yorùbá. Africa Magic Yorùbá kò sí lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn dun Mama, mo gbà. Bọ́ọ̀lù Premier League bákan náà. Ẹni tó bá wù, tó sì ní dikódà wọn, kó ra GOtv Smallie tàbí StarTimes ọlọ́sẹ̀ kan nígbà tí eré bá gbóná. Smallie di 1,900 ní oṣù Kẹta 2025 yẹn, kì í pa ni, àmọ́ èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà nínú méjèèjì, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó san án. Baba tó ń sọ pé òun kò lè gbé láìsí Arsenal, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wà ní ìkòríta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bú rẹ́fírí.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò láti fi Compact ṣe ẹ̀bùn lọ́dún yìí, ẹ so free-to-air, kí ẹ sì fi owó Compact oṣù àkọ́kọ́ yẹn lé Mama lọ́wọ́. Bó bá wù ú, kó fi san Compact, owó rẹ̀ ni. Ẹ bi í lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé kí ló fi ṣe.