Owó Kóńgò Tí Onígàrí Kì Í Gbà

Ọ̀rọ̀ owó ilé ní Èkó ni kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ yìí. Mo tẹ̀lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo yàrá kan ní Bàríga. Ọ̀dà ògiri ti ń ṣí, yàrá mẹ́fà ló sì ń pín balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Iye tí wọ́n pe owó ọdún kan kò bà mí lẹ́rù tó ohun tí ajẹ́ńtì tò sí ìdí rẹ̀: owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọ́míṣánnì, owó ohun tó bá bàjẹ́. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọdún méjì. Ta ló ra gàrí rí tí onígàrí tún gba owó kóńgò tó fi wọ̀n ọ́n? Onílé ló bẹ ajẹ́ńtì níṣẹ́, òun ni kó sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni òfin ilé yíyá ti wà l'Ékòó (kò kan àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Victoria Island, ṣùgbọ́n ó kan Bàríga). Òfin náà ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún kò bá bá onílé ṣe àdéhùn mìíràn, ìwé ìfitónilétí oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i kí wọ́n tó lè mú kó kó jáde. Òfin kan náà ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí rìsíìtì owó ilé tí ẹ bá san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níwájú onílé láìgbà á.